Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ìtàn Fáírọ́ọ̀sì Kọ̀ǹpútà àti Ààbò Ilé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn sí ọ̀rọ̀ wa. Bí a bá tú ìtàn fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní, a ó rí i pé díẹ̀ ni àwọn tí ó fi ipá já ilẹ̀kùn wọlé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, àwa onílé ni a ṣílẹ̀kùn fún wọn, tàbí kí a ti gbọ́ pé ògiri ti sán kí a má sì tètè rẹ́ ẹ.

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ilé ọmọ Yorùbá kan ní ìlú Òyìnbó yìí tí kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni ìwé owó ilé wà, inú rẹ̀ ni fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú òbí wà, orí rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé wọn. Ohun tí àwọn òbí wa ń kó sínú àpótí abẹ́ ibùsùn ni àwa ń kó sínú ẹ̀rọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni èyí. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Kí ni fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà?

Fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀mí bí èyí tí ń fa àìsàn sí wa lára. Ètò ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ètò yòókù tí a ń lò láti kọ lẹ́tà tàbí láti ṣírò owó. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé a kọ ọ́ kí ó lè máa ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, kí ó lẹ̀ mọ́ ohun mìíràn, kí ó sì bá a dé ibòmíràn láìjẹ́ pé onílé fura. Ẹni tí ó bá mọ àfòmọ́ orí igi yóò tètè lóye rẹ̀. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Ara igi ni ó ń gbé, oúnjẹ igi ni ó sì ń jẹ.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Southern California ní Amẹ́ríkà, Fred Cohen, fi irú ètò bẹ́ẹ̀ han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Leonard Adleman tí ó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni ó dábàá pé kí wọ́n máa pè é ní fáírọ́ọ̀sì. Cohen gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1984, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní.

Ṣùgbọ́n a ti bí ọmọ kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọdún 1971, Bob Thomas, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ BBN ní Amẹ́ríkà, kọ ètò kan tí ó ń pè ní Creeper, tí ó ń rìn láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Kò ba nǹkan kan jẹ́; ó kàn ń kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ pé kí wọ́n wá mú òun bí wọ́n bá lè mú òun ni. Ní ọdún 1982, ọmọ ọdún 15 kan, Rich Skrenta, kọ Elk Cloner fún kọ̀ǹpútà Apple II láti fi bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Inú díìsìkì ni ó ń sá pamọ́ sí. Bí àwọn ọ̀rẹ́ náà bá yá díìsìkì ara wọn, tí wọ́n sì fi tan ẹ̀rọ, àfòmọ́ ti bá wọn délé nìyẹn.

Ní ọdún 1986 ni èyí tí ó kọ́kọ́ gba orí àwọn kọ̀ǹpútà irú ti IBM káàkiri ayé jáde. Brain ni orúkọ rẹ̀, ìlú Lahore ní orílẹ̀-èdè Pakistan ni ó sì ti wá. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Basit àti Amjad Farooq Alvi. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé wọ́n kọ orúkọ wọn, àdírẹ́sì ilé-ìtajà wọn àti nọ́ńbà tẹlifóònù wọn sínú rẹ̀. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn fẹ́ mọ àwọn tí ń da ètò àwọn kọ láìsanwó. Láìpẹ́, ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tí wọn kò mọ̀ rí ni wọ́n ń bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n wá ṣe lórí ẹ̀rọ àwọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí i pé títí di àkókò yìí, yàtọ̀ sí irú Creeper, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì kiri. Ẹni tí kò bá gba díìsìkì àjèjì sínú ẹ̀rọ rẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣe é.

Díìsìkì tí ó wá láti Lọ́ńdọ̀nù

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, nǹkan bíi 20,000 díìsìkì jáde láti Lọ́ńdọ̀nù nípasẹ̀ ilé-ìfìwéránṣẹ́. Àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ni àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn kan lórí kọ̀ǹpútà àti àwọn tí wọ́n ti lọ sí ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí àrùn Éèdì. Ohun tí a kọ sí ara díìsìkì náà ni pé ìmọ̀ nípa àrùn Éèdì ni ó wà nínú rẹ̀. Ní àsìkò náà, ẹ̀rù àrùn yìí ń ba gbogbo ayé. Ta ni kò ní fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀?

Ẹni tí ó bá fi í sínú ẹ̀rọ yóò rí ìbéèrè àti ìdáhùn nípa àrùn náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ètò mìíràn ti wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó bá di nǹkan bí ìgbà 90, yóò da orúkọ àwọn fáìlì rú, onílé kò sì ní mọ èyí tí ó jẹ́ èwo mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí ó lọ fi dọ́là 189 ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Panama.

Àwa tí iṣẹ́ ìṣirò owó jẹ́ iṣẹ́ wa rí ohun kan dì mú nínú ìtàn yìí. Ìwé pélébé kan wà pẹ̀lú díìsìkì náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké pé ẹni tí ó bá lò ó láìsanwó, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́. Olè náà ti sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí a tó gbà?

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Joseph Popp, onímọ̀ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí, ni ọwọ́ òfin tẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mú un wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 1991 ilé-ẹjọ́ rí i pé ọpọlọ rẹ̀ kò dá ṣáká tó láti dúró níwájú adájọ́. Ọ̀gbẹ́ni Jim Bates ti ṣe ètò tí ó tú àwọn fáìlì sílẹ̀, nítorí pé ìdè tí Popp dì kò le. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti rí ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ènìyàn lè mú ìwé ẹlòmíràn ní ìgbèkùn, kí ó sì béèrè owó ìràpadà. Àwọn tí wọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀ di ìdè tí ó le.

Ẹ̀rù pẹ̀lú jẹ́ ọjà títà

Ní ọdún 1992, ariwo ta ní gbogbo ayé pé fáírọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Michelangelo yóò jí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ọjọ́ ìbí ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì náà, yóò sì pa gbogbo ohun tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́. John McAfee, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ta ètò ìdènà fáírọ́ọ̀sì, sọ pé ẹ̀rọ tí yóò bàjẹ́ lè tó mílíọ̀nù 5. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ ọ́, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́, àwọn ènìyàn sì ń tú jáde lọ ra ètò ìdènà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ẹ̀rọ bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Kò súnmọ́ mílíọ̀nù rárá.

A kò sọ pé kí a má bẹ̀rù. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í lè na owó rẹ̀ pẹ̀lú làákàyè. Títí di òní, àwọn gbájú-ẹ̀ ń fi irú ẹ̀rù yìí jẹun. Wọn yóò pe tẹlifóònù ilé ìyá àgbà kan, wọn yóò ní láti Microsoft ni àwọn ti ń pè, pé fáírọ́ọ̀sì ti kún inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó tètè jẹ́ kí àwọn wọ inú rẹ̀ láti tún un ṣe. Microsoft kì í dédé pe ẹnikẹ́ni ní tẹlifóònù. Kí a gbé e sílẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀.

Lẹ́tà ìfẹ́

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé, fáírọ́ọ̀sì kò wá díìsìkì mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1999, Melissa jáde, ó ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn 50 àkọ́kọ́ nínú ìwé àdírẹ́sì ẹni tí ó bá ṣí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ímeèlì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a mọ̀. Ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni pé, mo fẹ́ràn rẹ, lẹ́tà ìfẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò ba fọ́tò àti àwọn fáìlì mìíràn jẹ́, yóò sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà ni ó wọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá ní láti ti ímeèlì rẹ̀ pa.

Orílẹ̀-èdè Philippines ni ó ti wá. Onel de Guzman, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fura sí, ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan ní ilẹ̀ náà nígbà náà tí wọ́n lè fi mú un. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n tó ṣe òfin, òfin kì í sì í padà sẹ́yìn mú ẹni tí ó ti ṣẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó jẹ́wọ́ fún akọ̀ròyìn kan, ìròyìn náà sì jáde ní ọdún 2020, pé òun ni òun kọ ọ́, àti pé ohun tí òun ń wá ni ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn ẹlòmíràn kí òun lè rí íntánẹ́ẹ̀tì lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ò rí i pé ìfẹ́ ni ó fi wọlé, gẹ́gẹ́ bí Popp ti fi ìmọ̀ nípa ìlera wọlé. Kò sí ẹni tí ó fọ́ ògiri. Ọwọ́ tí a fi ń ṣí lẹ́tà ni ó fi ṣílẹ̀kùn.

Ògiri tí ó sán tí a kò rẹ́

Àwọn kan wà tí wọn kò nílò pé kí a tẹ nǹkan kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Blaster bẹ̀rẹ̀ sí í wọ orí Windows tààrà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà yóò kàn sọ pé òun fẹ́ kú, yóò kú, yóò tún jí, yóò tún kú, bí àbíkú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan ṣáájú, ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tí yóò dí ihò náà jáde. Àwọn tí wọn kò gbà á ni aláǹgbá náà bá nílé. Nítorí irú èyí ni Microsoft fi ṣe é pé, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ògiri ààbò inú Windows XP máa ń wà ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé onílé béèrè fún un.

Èyí tí ó kan àwa tí a wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù ni WannaCry, tí ó dé ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Ó wọ ẹ̀rọ tí ó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150, ó ti àwọn fáìlì pa, ó sì ń béèrè dọ́là 300. Nínú àwọn àjọ ìlera ìjọba 236 tí ó wà ní England, ó kéré tán 80 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Gbogbo wa ni a mọ iye ọmọ wa tí ń ṣe nọ́ọ̀sì àti dókítà níbẹ̀. Wọ́n ní láti padà sí ìwé àti kálámù, wọ́n sì ń dá àwọn aláìsàn padà sílé. Àtúnṣe tí ì bá dí ihò náà ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì tí ògiri fi lanu.

Orúkọ tiwa nínú ìtàn yìí

A kò lè sọ ìtàn yìí kí a fo tiwa. Ní ọdún 1980 sí 1999, kí ímeèlì tó gbilẹ̀, àwọn kan láti Nàìjíríà ń fi lẹ́tà àti fáàsì ránṣẹ́ sí àwọn Òyìnbó pé owó ńlá wà níbì kan, kí wọ́n mú díẹ̀ wá kí wọ́n lè rí púpọ̀ gbà. Abala 419 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ni ó fún ìwà náà lórúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ìjọba ṣe òfin lórí rẹ̀ ní ọdún 2006, ó sì ṣe òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2015. Síbẹ̀, àwa tí a ń ṣiṣẹ́ òógùn ojú wa ní òkèèrè ni a ń jẹ nínú ìtìjú náà nígbà tí a bá dárúkọ ìlú tí a ti wá.

Ẹ̀yà tàbí èdè kọ́ ni ó ń bí olè. A ti rí ti Amẹ́ríkà, a ti rí ti Philippines. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà sọ, pé àwa gan-an wà lára àwọn tí wọ́n ń jà lólè. Gbájú-ẹ̀ yóò gba WhatsApp ẹnì kan nínú ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́ wa, yóò sì fi èdè Yorùbá kọ̀wé pé, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí. Mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà." Nọ́ńbà mẹ́fà náà ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp Àǹtí. Bí ó bá ti fún un, ilé ti di ti olè, wọn yóò sì fi orúkọ Àǹtí tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹbí.

Ohun tí ojú tiwa rí

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń fi ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 2015, a ń retí ẹrù aṣọ kan láti ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ímeèlì wọlé pé ẹrù wa ti dé, kí a ṣí ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ láti rí ọjọ́ tí wọn yóò gbé e wá. Ó ti rẹ̀ wá, a sì ṣí i. Àwa tí a máa ń sọ fún àwọn oníbàárà wa pé kí wọ́n yẹ rìsíìtì wò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sanwó, a kò wo àdírẹ́sì ẹni tí ó kọ̀wé sí wa lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo fáìlì ti wà ní ìgbèkùn.

Ìwé ìdáwó ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀. A dúpẹ́ pé akápò wa àgbà kò fi ìwé àjákọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń fi kálámù kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, a sì ti máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Inú ìwé rẹ̀ ni a ti rí ohun gbogbo kọ padà. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá wa tún wà níbẹ̀. A gba ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó filẹ̀ bora ní ọdún 2013, wọ́n ń ki oríkì ìdílé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò wa obìnrin ní Ìbàdàn. Òun nìkan ni ó kù. A kò san owó ìràpadà náà, nítorí pé kò sí ohun tí ó dá wa lójú pé olè yóò mú ìlérí ṣẹ. Àwọn mẹ́ta yòókù lọ, kò sì sí ẹni tí a lè tún bi léèrè.

Ohun tí ìtàn kọ́ wa

Nínú gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ yìí, iṣẹ́ márùn-ún ni ó hàn sí wa tí ó yẹ kí a ṣe nínú ilé.

Èkíní, kí a máa gba àtúnṣe ní ọjọ́ tí ó bá dé. Blaster àti WannaCry kò rí ẹni tí ó ti rẹ́ ògiri rẹ̀ mú. Kí á sì mọ̀ pé ètò àtijọ́ kì í rí àtúnṣe gbà títí ayé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró, àyàfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni ó ṣì ń lò ó. Kí a yẹ tiwa wò.

Èkejì, kí ètò ìdènà fáírọ́ọ̀sì wà ní títàn. Èyí tí ó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ ilé, kò sì gba owó. Kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù ta òmíràn fún wa.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe ṣí lẹ́tà nítorí pé orúkọ ẹni tí a mọ̀ wà lórí rẹ̀. Bí ó bá ní kí a kánjú, kí a sanwó, tàbí kí a fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́, kí a pe ẹni náà ní tẹlifóònù, kí a gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a má fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣí gbogbo yàrá. Ọ̀rọ̀ ìwọlé ímeèlì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ilé ìfowópamọ́ àti ti gbogbo ibi yòókù, kí ó sì gùn. Bí a kò bá lè rántí wọn, kí a kọ wọ́n sínú ìwé, kí a tì í mọ́ àpótí. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè na ọwọ́ dé inú àpótí wa.

Ẹ̀karùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Ohunkóhun tí a kò bá fẹ́ pàdánù, kí ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí díìsìkì tí a yọ kúrò lára ẹ̀rọ nígbà tí a bá ti kọ ọ́ tán, ọ̀kan ní ilé mìíràn tàbí ìlú mìíràn. Díìsìkì tí a bá fi sílẹ̀ lára ẹ̀rọ, ìgbèkùn kan náà ni wọn yóò jọ lọ.

Ẹni tí ó ní òbí tí ó ṣì wà láàyè, tí ó sì ti gba ohùn wọn sílẹ̀, a bẹ̀ ọ́, kí o tó sùn lálẹ́ òní, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú ẹbí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí Elédùmarè bá wa ṣọ́ ilé, kí ó má jẹ́ kí ògiri wa lanu.